Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta lórí títú ilé wò àti gbígbẹ́sẹ̀ lé ẹrù: kí ló yẹ kí a kọ́ wọn gan-an?

Ọmọ_Òmù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta kan ló wà lọ́rùn mi láti ṣètò fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ 24 ní gúúsù Kwara níbí. Wòléwòlé 11, agbowó-orí 8, àwọn 5 tó kù ń mójú tó ọjà àti gáréèjì. Òmù-Àrán la ó ti ṣe é. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń wọ ibì kan lọ yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, tí ẹjọ́ kò fi ní tú mọ́ ìjọba lọ́wọ́ bó bá dé kóòtù.

Ètò tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Odindi ọjọ́ kìíní, òfin ni wọ́n fẹ́ máa kà sí wọn létí, láti abala 33 dé 46 nínú ìwé òfin ọdún 1999. Ọjọ́ kejì, òfin náà ni. Ọjọ́ kẹta, fọ́tò àti sátífíkéètì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn èèyàn yìí ló ń wọ ìsọ̀ alápatà, tí wọ́n ń kó múdù tí wọ́n ti tẹ̀ nídìí, tí wọ́n ń gbé páálí ọjà tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin ni mo fẹ́ mọ̀: ibi tí agbára wọn parí sí tí ọ̀rọ̀ fi di ti ọlọ́pàá; ohun tó yẹ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe kí ọjọ́ mẹ́ta náà tó pé; bí wọ́n á ṣe mú ọ̀rọ̀ fóònù; àti bí wọ́n á ṣe ṣe nílé tí ẹlẹ́hàá bá wà, torí kì í ṣe Ìlọrin nìkan la ti ń bá wọn pàdé.

Lọ́yà_Ìlọrin:

Ẹ kú akitiyan, ọ̀gá Ọmọ Òmù. Ẹ gé wákàtí òfin yẹn sí wákàtí kan ààbọ̀. Apá òfin tí wọ́n nílò kò pọ̀ rárá, àmọ́ kó yé wọn yékéyéké.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abala 37, tó dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ẹ ka abala 45 sí wọn, èyí tó gbà kí òfin dín ẹ̀tọ́ yẹn kù nítorí ààbò ìlú, àlàáfíà, ìwà ọmọlúwàbí, ìlera àwùjọ tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíì. Orí "ìlera àwùjọ" yẹn ni agbára wòléwòlé jókòó sí. Òfin ni wọ́n sọ níbẹ̀ o. Gbogbo ẹsẹ̀ tí òṣìṣẹ́ bá gbé wọ ilé onílé, kí ó lè dárúkọ òfin tó fún un láyè. "Alága ló rán mi" kì í ṣe òfin.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà jù ni pé wọn kì í ya àbẹ̀wò sọ́tọ̀ kúrò lára títú ilé. Ẹ jẹ́ kí n fi bùkátéríà kan ṣàpẹẹrẹ. Wòléwòlé wọlé lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n ń tajà. Ó wo gọ́tà, ó ṣí ìkòkò, ó ṣí fíríjì tí ẹran wà, ó béèrè ìwé àyẹ̀wò ìlera àwọn tó ń dáná. Àbẹ̀wò nìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò pẹ́ ó gbá ilẹ̀kùn yàrá tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ sílẹ̀, ó gbé bẹ́ẹ̀dì, ó tú báàgì obìnrin náà, ó ń wá ìwé àkọsílẹ̀ owó. Ó ti kúrò nínú àbẹ̀wò. Ilé ló ń tú, kò sì ní àṣẹ. Bó bá fura pé ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn wà nínú yàrá yẹn, kí ó dúró níbi tó dé, kí ẹnì kan máa ṣọ́ ilẹ̀kùn láti ìta, kí wọ́n pe ọlọ́pàá kó lọ gba wọ́ràǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ láti tú ilé.

Ìdí tó fi jẹ́ ọlọ́pàá nìyí. Lábẹ́ ACJA ọdún 2015, òfin àpapọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí ló ń lọ tọrọ wọ́ràǹtì. Ìtumọ̀ tí òfin náà fún "ọlọ́pàá" lè kan òṣìṣẹ́ àjọ agbófinró tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ fi òfin dá sílẹ̀, irú bíi NDLEA tàbí EFCC. Kánsù kò sí lára wọn. Kwara ní irú òfin yìí ti ara rẹ̀, nítorí náà ẹ gba ẹ̀dà òfin ìpínlẹ̀ gan-an wá sí gbọ̀ngàn, kí ẹ má fi ti Àbújá nìkan kọ́ wọn. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn agbowó-orí lọ́tọ̀: kí èèyàn gbé fíríjì ẹlẹ́ja nítorí owó-orí, láìsí àṣẹ kóòtù lọ́wọ́, ìjàngbọ̀n ni.

Wọ́ràǹtì fúnra rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí a fi ìbúra kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń tọrọ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi ìdí tó mọ́gbọ́n dání hàn pé ohun tí wọ́n ń wá wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n fi ṣẹ̀, ohun tó lè jẹ́ ẹ̀rí, tàbí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣẹ̀. Adájọ́, májísíréètì tàbí JP (Justice of the Peace) ló ń fọwọ́ sí i. Títí wọ́n á fi lò ó tàbí tí kóòtù tó fi í sílẹ̀ á fi fagi lé e ló fi ń ṣiṣẹ́. ACJA gbà kí wọ́n lò ó nígbàkúùgbà, títí kan ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi.

Ẹ kọ èyí sójú pátákó kí gbogbo wọn rí i. Èyí tí kò dára: "A gbọ́ pé wọ́n ń kó ọjà ayédèrú pa mọ́ sí ilé aláwọ̀ yẹ́lò kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí." Ta lẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀? Ilé yẹ́lò mélòó ló wà níbẹ̀? Èyí tó dára: "Lọ́jọ́ Tuesday, láàárín aago 9 sí 11 òwúrọ̀, èmi fúnra mi rí páálí 6 tí wọ́n gbé wọ ìsọ̀ kejì lápá òsì ẹnu ọ̀nà ọjà, ilẹ̀kùn irin aláwọ̀ ewé, tí wọ́n kọ 14 sí lára. Mo ra ìdì kan níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n ti fi ìṣó ha, tí wọ́n sì tẹ òmíràn lé e." Májísíréètì lè fọkàn tán ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, torí àwọn kan á sọ fún wọn pé ẹ̀rí tí a kó láìtọ́, kóòtù á gbà á náà. Abala 14 àti 15 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ló yanjú rẹ̀. Kóòtù lè gbà á, àyàfi tí aburú gbígbà á bá ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Adájọ́ á wo bí ẹ̀rí náà ṣe lágbára tó àti bó ṣe ṣe pàtàkì tó, irú ẹ̀sùn tó jẹ́, bí àṣìṣe náà ṣe wúwo tó, bóyá òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, bóyá ẹnikẹ́ni ti gbé ìgbésẹ̀ lórí àṣìṣe náà, àti bóyá ó ṣòro láti gba ẹ̀rí yẹn lọ́nà tó tọ́. Ẹ wo èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Bí kóòtù májísíréètì bá wà lójú títì kejì, tí ẹ kò sì lọ tọrọ wọ́ràǹtì, kí lẹ máa sọ?

Olùtọ́jú_Ẹ̀rí:

Lọ́yà ti sọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ilé, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bàjẹ́ jù, ìwé ló sì ń bà á jẹ́.

Èèyàn mẹ́rin ni ikọ̀ kan: ẹni tó ń wá, ẹni tó ń kọ, ẹni tó ń ya fọ́tò, ẹni tó dúró ti onílé. Kí ẹni tó ń wá má kọ nǹkan kan, kí ẹni tó ń kọ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n dárúkọ ara wọn, kí wọ́n fi káàdì iṣẹ́ hàn, kí wọ́n ka wọ́ràǹtì ní èdè tó yé onílé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fa àpò ṣòkòtò wọn yọ síta, kí onílé yẹ̀ wọ́n wò. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, ó sì ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ "àwọn ló gbé e síbẹ̀".

Òfin fẹ́ ẹlẹ́rìí méjì, àyàfi tí kóòtù bá sọ pé kò pọn dandan. Kí onílé tàbí ẹni tó fi ṣojú ara rẹ̀ wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi parí. Ẹlẹ́rìí kì í ṣe dírẹ́bà kánsù o. Ẹ mú ará àdúgbò: alángùá tàbí mọ́gàjí agbo ilé ní Ìlọrin, baálẹ̀ tàbí ìyálọ́jà ní ọ̀dọ̀ tiyín. Kí ẹlẹ́rìí máa tẹ̀ lé ẹni tó ń wá káàkiri yàrá. Kí wọ́n má fi í jókòó sí pálọ̀ kí wọ́n wá gbé ìwé fún un ní ìparí.

Yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ gba apá ọ̀tún yí i ká. Yípo kìíní, láti ilẹ̀ dé ìbàdí. Yípo kejì, láti ìbàdí dé ejìká. Yípo kẹta, láti ejìká dé àjà. Bí ẹ bá rí nǹkan, kí ẹnikẹ́ni má gbé e. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, lẹ́ẹ̀kan láti òkèèrè kí yàrá hàn, lẹ́ẹ̀kan nítòsí pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbà yẹn la tó gbé e.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: "Múdù onírin, 4." Ìyẹn kò tó. Lọ́yà olùjẹ́jọ́ á béèrè pé èwo nínú ọgọ́rùn-ún múdù ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin ni? Ẹ kọ ọ́ báyìí: "AB/1. Múdù onírin kan, etí rẹ̀ kan ti ya, wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà kan sí i lára. Abẹ́ tábìlì, apá ọ̀tún ilẹ̀kùn, aago 10:42." AB ni lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹni tó rí i. Òun náà ni yóò jẹ́rìí lé e ní kóòtù.

Owó: ẹ kà á lójú onílé, ẹ̀ẹ̀mejì, èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kọ iye ₦1,000, iye ₦500, iye ₦200, kí ẹ tó kọ àpapọ̀. Àpapọ̀ nìkan tí wọ́n ń kọ ló ń bí "ó ju bẹ́ẹ̀ lọ" ní kóòtù. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí onílé àti ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí orí èdìdì, kí ìfọwọ́sí náà kọjá láti ara téèpù bọ́ sí ara ọ̀rá. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, ìlà á já.

Ẹran àti ẹja kì í dúró de ìgbẹ́jọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí síkéèlì, ẹ ya fọ́tò ibi tí síkéèlì kà dé, ẹ mú àpẹẹrẹ díẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ sì kọjú sí májísíréètì lọ́jọ́ kan náà fún àṣẹ láti pa ìyókù run. Kí ẹnikẹ́ni má sun ún lẹ́yìn kánsù lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí ẹ sì má gbé e sínú fíríjì òṣìṣẹ́ kankan nílé.

Ní ìparí, ẹ̀dà mẹ́ta ìwé náà: ọ̀kan fún fáìlì, ọ̀kan fún kóòtù, ọ̀kan fún onílé. ACJA ní kí ó gba ẹ̀dà bó bá béèrè. Ẹ fún un bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò béèrè. Kábọ̀ọ̀nù méjì ni ẹ máa nílò, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ọwọ́ tí ẹrù bá kọjá sí ló gbọ́dọ̀ kọ orúkọ, ọjọ́, aago àti ìdí sínú ìwé. Bí wákàtí mẹ́ta bá ṣófo láàárín ọkọ̀ àti yàrá ìkẹ́rùsí, lọ́yà olùjẹ́jọ́ á gbé gbogbo àwíjàre rẹ̀ ka orí wákàtí mẹ́ta náà.

Àǹtí_Ṣàró:

Nípa ẹlẹ́hàá, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé àánú la ń ṣe fún wọn. Òfin tí a ti ń lò láti ayé òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti Àríwá ti sọ ọ́: bí obìnrin tí àṣà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ kò jẹ́ kó hàn sí gbangba bá ń gbé inú ilé náà, kí ẹ tó wọlé, ẹ sọ fún un pé ó lè yẹra, kí ẹ sì fún un ní àyè tó tó láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Òṣìṣẹ́ obìnrin ni kó lọ kanlẹ̀kùn ìyára náà. Kí ó kí wọn bó ṣe yẹ, kí ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tí wọ́n wá ṣe, kí ó ní, "Ẹ lè bọ́ sí yàrá tí a ti yẹ̀ wò tán, a ó dúró dè yín." Tẹ́lẹ̀ yẹn, kí òun fúnra rẹ̀ ti yẹ yàrá kan wò, kí ibi tí ìyá náà á lọ ti mọ́. Bí wọn kò bá kọ́kọ́ ṣe ìyẹn, ohun tí wọ́n ń wá lè tẹ̀ lé e lọ sábẹ́ aṣọ, àwọn ọkùnrin á sì máa pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìdí bá wà láti yẹ ara rẹ̀ wò, obìnrin ni kó ṣe é, nínú yàrá, ilẹ̀kùn ní títì, obìnrin ẹlẹ́rìí kan níbẹ̀. Kí ọkùnrin oníkámẹ́rà má sí nítòsí.

Nítorí náà, ọ̀gá Ọmọ Òmù, obìnrin mélòó ló wà nínú àwọn 24 yẹn? Èèyàn mẹ́rin mẹ́rin, ikọ̀ mẹ́fà ni wọ́n máa jẹ́. Bí obìnrin kò bá tó mẹ́fà, ikọ̀ kan á wà tí kò ní obìnrin kankan. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe kí ẹ tó ronú lórí oúnjẹ ọ̀sán.

Adé_Kọ̀ǹpútà:

Fóònù: kí òṣìṣẹ́ kánsù má tú fóònù ẹnikẹ́ni. Kí ó má ní kó ṣí WhatsApp, kí ó má ka fọ́tò rẹ̀. Abala 37 tí lọ́yà dárúkọ dé ibẹ̀. Òfin Cybercrimes ọdún 2015, tó wà fún ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ní abala 45, ní kí agbófinró tọ adájọ́ lọ fún wọ́ràǹtì kó tó wọ inú ẹ̀rọ.

Bí fóònù bá wà nínú wọ́ràǹtì tí ọlọ́pàá gbà, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ yín ló kọ́kọ́ bọ́ sí, iṣẹ́ yín ni kí ẹ má bà á jẹ́. Bó bá wà ní títàn, ẹ má pa á. Tí ó bá kú, ó lè béèrè pásíwọ́ọ̀dù tí kò béèrè tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá lè débi flight mode, tó ń gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò, láì ṣí i, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà nu gbogbo rẹ̀ dànù láti òkèèrè. Bó bá wà ní pípa, ẹ má tàn án. Ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀, ibi tó ti fọ́, iye bátìrì àti aago tó hàn lójú rẹ̀. Nọ́ńbà IMEI, tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, jẹ́ díjíìtì 15. Bó bá wà lẹ́yìn fóònù tàbí lára páálí, ẹ dà á kọ. Ẹ má tìtorí rẹ̀ tú fóònù.

Fọ́tò tí ẹ̀yin fúnra yín yà náà, ẹ̀rí orí ẹ̀rọ ni. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí, tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí lọ́dún 2023, ń béèrè sátífíkéètì tó sọ ẹ̀rọ tí ẹ fi yà á, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà náà, àti bí fọ́tò náà ṣe dé orí ìwé. Nítorí náà, fóònù kánsù kan ni kí ẹ máa fi yà á. Fọ́tò tó ti gba orí WhatsApp èèyàn mẹ́ta kọjá kò mọ́ kedere bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àkọsílẹ̀ aago tó wà nínú rẹ̀ sì ti lọ.

Olùkọ́_Ọ̀fà:

Bí mo bá ni ọjọ́ mẹ́ta yín, ọjọ́ kìíní títí di ọ̀sán ni òfin àti kíkọ ọ̀rọ̀ ìbúra. Kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹlòmíì ṣe májísíréètì. Lọ́sàn-án, ẹ kọ́ wọn ní èdìdì dídì, fọ́tò yíyà, àti bí wọ́n ṣe ń kọ ìlà kan nínú ìwé ẹ̀rí. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ ìlà 10, ohun 10 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọjọ́ kejì, ẹ yá yàrá mẹ́ta. Ikọ̀ mẹ́fà, èèyàn mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ fi ohun 12 pa mọ́ sí yàrá kọ̀ọ̀kan: mẹ́jọ tó wà nínú wọ́ràǹtì, mẹ́rin tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú mẹ́rin yẹn pọ̀ ju ti mẹ́jọ lọ. Ikọ̀ tó bá kó lẹ́tà ìfẹ́ onílé mọ́ ọn ti kùnà, bó tilẹ̀ rí gbogbo mẹ́jọ. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin náà bá jẹ́ ìbọn onígi tí ẹ gbẹ́, kí wọ́n dúró, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n ṣọ́ ọ, kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Ẹ fi èèyàn ṣe onílé: ọ̀kan á máa sunkún, ọ̀kan á bínú, ọ̀kan á fẹ́ fún wọn lówó.

Ọjọ́ kẹta, ẹ pe lọ́yà kan àti ọlọ́pàá tó ń gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Kí àwọn méjèèjì fi ìwé tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ lánàá bi ikọ̀ náà léèrè ọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 20. "O kọ aago 11:05, fọ́tò ní 10:50, èwo ni ká gbà?" Ohun tó bá wọ èèyàn lára níbẹ̀, kò ní gbàgbé rẹ̀. Sátífíkéètì á tẹ̀ lé e, fún ẹni tó bá yege.

Ọmọ_Òmù:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Obìnrin márùn-ún péré ló wà, Àǹtí, mo ti kọ̀wé lónìí fún méjì sí i. Ìbéèrè kan péré ló kù: bí onílé bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ẹrù ńkọ́? Wọ́n máa ń kọ̀ dáadáa lọ́jà.

Olùtọ́jú_Ẹ̀rí:

Kí wọ́n má fipá mú un, kí wọ́n má sì lérí sí i. Nípa ẹrù tí wọ́n bá lára ẹni tí wọ́n mú, abala 10 ACJA sọ ọ́ gbangba pé bí ẹni náà kò bá fọwọ́ sí i, ìwé náà kò bàjẹ́ nítorí ìyẹn. Ìlànà kan náà ni kí ẹ fi ṣe ti ìsọ̀. Ẹ kọ ọ́ síbi tó yẹ kó fọwọ́ sí: "A ka ìwé yìí sí i létí ní Yorùbá, aago 12:15, ó ní òun kò ní fọwọ́ sí i." Bó bá sọ ìdí rẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kódà bó jẹ́ èébú. Kí ẹlẹ́rìí méjèèjì fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bí kò bá gbà á, ẹ gbé e lé orí tábìlì rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀.